Láti Inú Agbada Dé Inú Táǹkì: Lílo Òróró Àlòkù Nínú Ọkọ̀ Dísù ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Orí yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísù, tó ń gbé Festac, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin tàbí agbègbè wọn, tí owó dísù ti ń wọ̀ lára, tó sì ti gbọ́ pé òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà àti ẹran tán ṣì lè gbé ọkọ̀ rìn. Òótọ́ ni, ó lè gbé e. Ṣùgbọ́n òróró àlòkù kì í ṣe epo ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló gbà á. Kí ẹ tó ra kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Irú ẹ́ńjìnnì wo ni mo ní? Ta ni yóò máa fún mi ní òróró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ibo ni mò ń gbé ọkọ̀ yìí lọ lójoojúmọ́? Bí ìdáhùn kan bá kọsẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa ra dísù yín lọ.

Àrà yìí ti pẹ́

Níbi Àfihàn Àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1900, ilé-iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì Diesel kékeré kan síta, òróró ẹ̀pà ló sì ń mu. Ìjọba Faransé ló ní kí wọ́n dán an wò, nítorí ẹ̀pà tó ń jáde láti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn nígbà náà. Rudolf Diesel, ará Jámánì tó dá ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ rẹ̀ já geere débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló fura pé òróró ló wà nínú rẹ̀. Ní 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè sọ epo pupa di epo ọkọ̀, ojú epo pupa Congo ni wọ́n sì ń wò. Ní 1938, bọ́ọ̀sì kan fi irú epo bẹ́ẹ̀ ná ọ̀nà Brussels sí Louvain. Nítòsí wa níbí, abúlé Garalo ní Mali gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ fún iná ìlú, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kó lè máa mu òróró làpálàpá.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà gbé ìlànà epo ọ̀gbìn jáde ní 2007. Ó ní kí wọ́n máa po epo ọ̀gbìn mọ́ dísù, kó jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Àpòpọ̀ yẹn kò tíì dé ilé epo àdúgbò wa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ẹ́ńjìnnì wo ló gbà á?

Ìṣòro tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: òróró nípọn. Bí òróró àti dísù bá jọ wà ní ìwọ̀n 40°C, òróró nípọn tó ìlọ́po mẹ́wàá dísù. Nọ́sùlù tó yẹ kó fọ́n epo lẹ́búlẹ́bú sínú sílíńdà á wá máa ṣẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Èyí tí kò bá jóná tán nínú rẹ̀ á dì mọ́ ẹnu nọ́sùlù bí èédú, ìyókù á gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì jò lọ bá epo ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú orí yìí kò ju pé kí òróró ṣàn, kó sì mọ́ tónítóní.

*Èyí tó dára jù:* ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní yàrá kékeré lórí sílíńdà, níbi tí epo ti ń kọ́kọ́ gbiná kó tó bọ́ sínú sílíńdà gan-an. Irú rẹ̀ ni Mercedes 240D àti 300D ayé àtijọ́, Peugeot 504 dísù, bọ́ọ̀sì Volkswagen LT tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, Toyota HiAce tó ní ẹ́ńjìnnì 2L, 3L tàbí 5L, àti Land Cruiser tó ní 1HZ. Ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò dáadáa o, nítorí bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ HiAce ń mu. Ẹ̀rọ Lister àtijọ́ tó ń lọ ata lọ́jà wà nínú ẹbí yìí: kì í sáré, kì í yan epo, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

*Èyí tó gba sùúrù:* ẹ́ńjìnnì tí epo ń bọ́ tààrà sórí písítìnì, bíi ti Mercedes 911 tó ń kó yanrìn. Pọ́ǹpù rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n èédú tètè ń dì mọ́ nọ́sùlù rẹ̀. Ẹ má fún un ní ju àpòpọ̀ díẹ̀ lọ.

*Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ dán wò:* ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, bíi Sprinter CDI àti Hilux D-4D. Nọ́sùlù kan lára wọn lè gba gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ ti fi òróró pa mọ́ lódidi ọdún kan.

*Èyí tí kò kàn rárá:* ohunkóhun tó ń mu bẹntiróòlù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” wà níbẹ̀. Òróró kò gbọdọ̀ kàn án.

Ẹ ka orúkọ tó wà lára irin pọ́ǹpù tó ń ti epo. Pọ́ǹpù Bosch tí a to ní ìlà, tí epo ẹ́ńjìnnì ń fi ọ̀rá sí lára, ló le jù. Pọ́ǹpù olóbìírí ti Bosch tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù olóbìírí ti Lucas tàbí CAV kò fẹ́ràn epo tó nípọn; bí òróró tútù bá bá a láàárọ̀, ọ̀pá inú rẹ̀ lè ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Perkins tó wà lára jẹnẹrétọ̀ ńlá ló ní irú pọ́ǹpù yìí. Bí ẹ kò bá dá pọ́ǹpù mọ̀, ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń tún pọ́ǹpù dísù ṣe. Mẹkáníìkì tó ń ṣe gbogbo nǹkan kọ́ ni ẹ ó bi.

Ibi tí òróró wà

Nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac. Àfínúù tó ní nọ́ńbà ni wọ́n fi pín in, èyí sì wúlò fún ẹni tó ń kó òróró kiri: ẹ lè ya àfínúù kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ má baà máa sáré láti First Gate dé Seventh Avenue lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀, ẹ lè nà án dé Agbojú, Alákijà, Apple Junction àti Mile 2.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ alákàrà tàbí onípọfù-pọ́ọ̀fù ni òróró pọ̀ sí. Àwọn wọ̀nyí kì í da òróró nù. Ṣe ni wọ́n ń bu tuntun lé ti àná títí ọjà á fi tán, èyí tó bá sì ṣẹ́kù nísàlẹ̀ agbada ti dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì, ìyẹ̀fun ti kún inú rẹ̀, ó sì ti kan. Ibi tí òróró gidi wà ni ilé oúnjẹ ńlá tó ń dín adìẹ àti ọ̀dùnkún, hòtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn tó ń se oúnjẹ òde àríyá, nítorí àwọn wọ̀nyí ń pààrọ̀ òróró kó tó bàjẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ní oníbàárà: àwọn tó ń se ọṣẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ náà wà níbẹ̀. Ẹ ní láti fi nǹkan kan ta wọ́n yọ: ọjọ́ tí kì í yẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, àti owó lọ́wọ́.

Ọ̀gá ilé ìdáná ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó wà níbi ìsanwó. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ṣókí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òróró tí ẹ bá ti pààrọ̀, ẹ bá mi dà á sínú kẹ́ẹ̀gì yìí tó bá ti tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi ìfọwọ́ tàbí omi ọṣẹ kàn án. Gbogbo ọjọ́ Tuesday ni màá máa wá gbé e.” Omi ọṣẹ yìí ṣe pàtàkì, nítorí òróró tí ọṣẹ bá ti dà pọ̀ mọ́ kì í sinmi mọ́, kò sì wúlò fún ohunkóhun.

Ẹ gba òróró tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tàbí tíì tó nípọn. Ẹ má gba èyí tó ń hó, èyí tó ń rùn kíkan, èyí tí wọ́n fi dín ẹja fún ọjọ́ púpọ̀, àti epo pupa. Epo pupa ń dì ní ìwọ̀n ooru inú yàrá wa gan-an. Ọ̀pọ̀ òróró tí wọ́n ń tà l'Ékòó, ara ọ̀pẹ ni òun náà ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ èyí tó ń dì kúrò. Nítorí pé òtútù Èkó kì í sábà lọ sílẹ̀ ju 20°C, òróró bẹ́ẹ̀ á máa ṣàn ní púpọ̀ nínú ọdún. Ibi tí adìẹ bá ti fi ọ̀rá tirẹ̀ sí i ni ẹ ó ti rí funfun tó dì nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ fi funfun yẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Fífọ òróró mọ́

Ìdámẹ́ta iṣẹ́ yìí wà lára ọkọ̀. Ìdá méjì wà lára òróró. Ẹni tó bá kánjú níbí, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni yóò ti sinmi.

1. Ẹ fi asẹ́ àti àrọ dà á sínú àgbá ike tàbí àgbá irin lásán. Ẹ má lo àgbá tàbí páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, ẹ má sì lo páìpù kọ́pà: àwọn méjèèjì ń mú kí òróró tètè bàjẹ́, kó sì máa fà bí ate.

2. Ẹ mú un gbóná dé nǹkan bí 60°C nínú ìkòkò irin, lórí iná kékeré, níta gbangba. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí iná lọ ibìkankan. Òróró gbígbóná ń jẹ́ kí omi rì sísàlẹ̀ kíákíá.

3. Ẹ dà á padà sínú àgbá, ẹ dé e, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Méjì dára jù. Ẹ má mì í.

4. Ẹ fa òróró láti òkè. Nǹkan bí ìka mẹ́rin tó kù nísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Omi, iyọ̀ àti èérún oúnjẹ ló wà níbẹ̀.

5. Ẹ gbà á kọjá nínú àpò fílítà máíkírọ́ọ̀nù 5, lẹ́yìn náà máíkírọ́ọ̀nù 1. Aṣọ lásán kò tó fún ìgbà ìkẹyìn yìí.

6. Ẹ dán an wò bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé páànù kékeré tó gbẹ ka iná títí yóò fi gbóná gan-an, kí ẹ ro òróró ṣíbí kan sí i, kí ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Bó bá dákẹ́, tó kàn ń tàn yíká páànù, omi ti tán. Bí ẹ bá rí ìfófò kéékèèké tó ń yọ láti ìsàlẹ̀, omi ṣì kù díẹ̀. Bó bá ń ta pàrà-pàrà, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì dá gbogbo àgbá náà padà síbi ìgbésẹ̀ kejì. Omi ló ń jẹ pọ́ǹpù ní ìpẹtà.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń lò ó

*Àpòpọ̀.* Èyí ló rọrùn jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òróró lítà 1 sí dísù lítà 9. Ẹ po wọ́n pọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó dà á sínú táǹkì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú èyí tó dára jù, ẹ lè lọ dé lítà 2 sí 8. Ẹ dúró síbẹ̀. Òróró máa ń tú ìdọ̀tí àtijọ́ tó ti dì mọ́ inú táǹkì, nítorí náà fílítà àkọ́kọ́ á tètè dí. Ẹ fi fílítà tuntun kan àti spánà rẹ̀ sínú ọkọ̀.

*Táǹkì méjì.* Dísù wà nínú táǹkì kìíní, òróró wà nínú ìkejì. Omi gbígbóná tó ń ti ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀ ni a ń fà gba inú táǹkì kejì àti ẹ̀gbẹ́ fílítà rẹ̀ kọjá, kí òróró lè gbóná dé 70 sí 80°C. Dísù ni ẹ ó fi ṣíná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, ẹ yí fáàfù sí òróró. Kí ẹ tó pa ọkọ̀, ẹ yí i padà sí dísù, kí ẹ sì wà á títí òróró á fi tán nínú páìpù àti pọ́ǹpù. Ẹni tó bá gbàgbé, tó fi òróró sùn nínú pọ́ǹpù, á rí ìdààmú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ lè rí fáàfù, páìpù àti fílítà ní ọjà ohun èlò ọkọ̀ ASPAMDA nínú ọgbà Trade Fair, tàbí ní ọjà Ládípọ̀.

*Sísọ òróró di dísù.* Wọ́n ń po òróró pọ̀ mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù àti sódà, gílísẹ́rìn á rì sísàlẹ̀, epo tó ṣàn bíi dísù á sì wà lókè. Eriola Betiku àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí iṣẹ́ yìí. Láabù ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí ló wà nínú ògógóró tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin 2015, ojú sì fọ́ mọ́ àwọn kan lára kó tó dójú ikú. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbiná, ó sì ń gba ara wọlé. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi sílé tí ọmọdé wà.

Ọ̀nà tí ẹ ń ná

Ibí yìí ni Festac ti yàtọ̀ sí ìwé táwọn òyìnbó kọ. Òróró fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ láti Fourth Avenue lọ sílé-ìwé ní Second Avenue kò tíì gbóná tí ẹ ó fi pa á. Èyí tó dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 fún wákàtí kan burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀díẹ̀, òróró kì í jóná tán, èédú sì ń dì. Bí ọkọ̀ yín bá ní táǹkì méjì, ẹ fi dísù jáde nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ yí i sí òróró nígbà tí ọ̀nà bá là, bíi kí ẹ kọjú sí Badagry. Bó bá jẹ́ pé àárín àdúgbò nìkan ni ọkọ̀ yín ń rìn, ó sàn kí ẹ lo àpòpọ̀ tó kéré, tàbí kí ẹ fi òróró sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ tàbí Lister.

Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́

• Epo ẹ́ńjìnnì: bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000 tẹ́lẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 2,500. Bí ọ̀pá tí a fi ń wọn epo bá fi hàn pé epo ń pọ̀ sí i, òróró ti ń jò wọlé. Bó bá ti ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
• Èéfín funfun láàárọ̀, tí ọkọ̀ sì ń gé: ẹ yọ nọ́sùlù, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.
• Ọkọ̀ tí kò lágbára mọ́ lórí gíga afárá: fílítà ti dí.
• Rọ́bà epo tó ń wú tàbí tó ń rọ̀: òróró ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bẹ́.

Ààbò

Òróró kì í tètè gbiná bíi dísù. Ó gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 200°C kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó gba iná. Ṣùgbọ́n tó bá gbà á, omi kò lè pa á; ìdérí, yanrìn tàbí aṣọ tó nípọn tí a fi omi rẹ, tí a sì fún dáadáa, ni kí ẹ fi bò ó. Àkísà tí òróró ti mu, tí a kó jọ síbi kan, lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sí oòrùn, tàbí kí ẹ kì í sínú agolo irin tó ní ìdérí. Ẹ má to àgbá sí bàràǹdà ilé àwọn ayálégbé. Ẹni tó wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní 15 oṣù kẹta 2020, nígbà tí ìbúgbàù Soba ní Abúlé-Adó gbẹ̀mí èèyàn, tó sì wó ilé-ìwé Bethlehem Girls College, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí iná lè ṣe láàárín ilé.

Ẹ má da ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àgbá sínú gọ́tà. Ó máa ń dì, á sì dí ojú omi kí òjò tó dé. Ẹ fún ẹni tó ń se ọṣẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òróró tí ẹ bá gbé kúrò nílé oúnjẹ kò gbọdọ̀ padà sínú agbada ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọ̀dà kọ “EPO ỌKỌ̀” sára gbogbo kẹ́ẹ̀gì yín.

 

Ṣé ó pé?

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Ká ní ẹ ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní ₦15,000, tí lítà 20 péré sì mọ́ nínú rẹ̀: lítà kan ti di ₦750 kí ẹ tó ka gáàsì tí ẹ fi gbé e kaná, àpò fílítà, owó ọkọ̀ àti epo ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń pààrọ̀ léraléra. Owó dísù fúnra rẹ̀ kì í dúró lójú kan: ní oṣù kẹrin 2024, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote já owó lítà kan láti ₦1,200 sí ₦1,000, wọ́n sì tún jà á sí ₦940 nínú oṣù kan náà. Ẹ kọ ìṣirò yín sílẹ̀ lóṣooṣù. Oṣù tí àǹfààní rẹ̀ kò bá ti tó owó nọ́sùlù tí ẹ ó pààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ sinmi. Òróró tuntun láti ọjà ní tirẹ̀ kò pé rárá. Oúnjẹ ni, ẹ jẹ́ kó wà nílé ìdáná.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí bá lára mu jù ní àdúgbò wa ni ẹni tó ní ilé oúnjẹ tirẹ̀, tó sì ní jẹnẹrétọ̀ dísù àtijọ́ lẹ́yìnkùlé. Òróró rẹ̀ kò rìn jìnnà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni du kẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ní ọkọ̀ dísù ayé àtijọ́ tó ń rin ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ní Sprinter tòkunbọ̀ tó ń kó èrò ní Mile 2, kó lọ ra dísù.